Bí Mo Ṣe Bójú Tó Fáìlì Mi Títí Èsì Yunifásítì Fi Dé

Èèyàn á rò pé bí òun bá ti fi fọ́ọ̀mù másítà tàbí PhD ránṣẹ́ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tí owó fọ́ọ̀mù sì ti wọlé, ó ku kí òun jókòó kí òun máa retí. Iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Gbèdéke ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa ń bọ́ sí àárín ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní. Èsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ìparí oṣù Kìn-ín-ní, á sì máa kán tótó títí wọ oṣù Kẹrin. Nínú gbogbo àkókò yìí, ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ìfiránṣẹ́ ni mo ṣiṣẹ́ jù, torí pé fáìlì tí kò pé kì í sábà dé ọwọ́ àwọn tó máa kà á, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló máa ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pé nǹkan kù.

Pọ́tà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń rí ibi tí fáìlì ẹni dé, ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ojú-ewé tí mo ti kọ fọ́ọ̀mù kọ́ ni mò ń sọ o. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá wọlé ni wọ́n máa ń fi ímeèlì mìíràn ránṣẹ́ tí línkì tuntun àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà nínú rẹ̀. Ímeèlì yìí fẹ́ràn láti sá sínú spam, nítorí náà ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Bí mo ṣe wọlé sí pọ́tà, mo rí àtẹ ohun tí wọ́n ń retí: lẹ́tà ìjẹ́rìí látọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹni, transcript (àkọsílẹ̀ máàkì ẹni láti ilé-ìwé àtijọ́), máàkì ìdánwò, ẹ̀rí owó. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bóyá ó ti dé tàbí kò tíì dé. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, ilé-ìwé kan sí ìlà kan: orúkọ ẹ̀ka, línkì pọ́tà, nọ́ńbà ìdánimọ̀, gbèdéke, iye lẹ́tà tó ti wọlé, máàkì, transcript, ímeèlì akọ̀wé ẹ̀ka, àti ọjọ́ tí mo yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn. Bí ilé-ìwé bá ti ju mẹ́ta lọ, orí nìkan kò lè gbé e.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ló máa ń pẹ́ jù. Mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń béèrè, orí línkì tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí olùjẹ́rìí ló sì ti máa fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ń kọ̀wé sí ilé-ìwé mẹ́fà, línkì mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà yẹn, ó sì rọrùn kó fi márùn-ún ránṣẹ́ kó rò pé òun ti parí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé “Ṣé ẹ ti fi í ránṣẹ́, sà?” Orúkọ ilé-ìwé tí kò tíì rí i gan-an ni mo kọ sí wọn, pẹ̀lú ọjọ́ gbèdéke rẹ̀, mo sì tẹ bọ́tìnì tó ń tún línkì fi ránṣẹ́ lórí pọ́tà kí ó lè wà lókè nínú ímeèlì wọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń gba lẹ́tà fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn gbèdéke akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹ̀ka ni mo bi, mi ò méfò. Bí ọ̀gá kan bá dákẹ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ pọ́tà ń gbà kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti wọlé.

Máàkì ìdánwò ní wàhálà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìdánwò lè ti fi máàkì ránṣẹ́, kí ilé-ìwé ti gbà á, síbẹ̀ kí pọ́tà ṣì sọ pé kò dé. Ohun tó ń fà á ni pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni kọ̀ǹpútà wọn fi ń so máàkì mọ́ fáìlì. Bí ẹni kan bá kọ orúkọ mẹ́ta sórí fọ́ọ̀mù, tó sì fi méjì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tàbí tí orúkọ ìdílé bọ́ sí àyè orúkọ àbísọ, wọn kò ní bára mu. Ọjọ́ ìbí náà ń dá a sílẹ̀: oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú ọjọ́, nítorí náà 03/07 lọ́wọ́ wọn ni ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, kì í ṣe ọjọ́ 3 oṣù Keje. Ìwòsàn rẹ̀ ni ímeèlì kúkúrú sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé-ìwé, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, ọjọ́ tí a ṣe é, àti orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà níbi méjèèjì. Kí ẹ sì wo bí máàkì ṣe pẹ́ tó. Máàkì GRE, ìdánwò àwọn tó fẹ́ ṣe másítà tàbí PhD, ń wúlò fún ọdún 5, ti TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún 2 péré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò tiẹ̀ béèrè GRE mọ́, nítorí náà bí pọ́tà bá pè é ní ohun tí kò pọn dandan, mi ò jẹ́ kó gba oorun lójú mi.

Transcript kò le tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń gba ẹ̀dà tí a fúnra wa gbé sórí pọ́tà, ìgbà tí wọ́n bá ti gbani wọlé tán ni wọ́n á béèrè èyí tí ilé-ìwé àtijọ́ máa fi ránṣẹ́ tààrà. Mo béèrè tèmi láìdúró de èsì, torí mo mọ bí ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe ń fà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti pé, mo dín yíyẹ pọ́tà wò kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí fáìlì ń gbà kò ní máa ṣí pọ́tà láàárọ̀ lálẹ́. Ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ń wo bóyá fáìlì pé, wọ́n á tì í sí ẹ̀ka. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú ẹ̀ka á pín àwọn fáìlì kà, wọ́n á jókòó, wọ́n á tò wọ́n láti òkè wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka á dábàá orúkọ fún yunifásítì, yunifásítì ni yóò sì kọ lẹ́tà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ìpele kan dé èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ pé “wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò” lè wà lójú pọ́tà fún oṣù méjì láìyí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n lè kọ ímeèlì ìdùnnú síni kí pọ́tà tó sọ ohunkóhun. Ẹ dá a lóhùn, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ kọ ilé-ìwé mìíràn sílẹ̀ kí lẹ́tà yunifásítì tó dé.

Àwọn másítà kan wà tí wọ́n ń ka fáìlì bó ṣe ń wọlé. Ẹni tó tètè fi sílẹ̀ ló ń tètè gbọ́. PhD kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pàápàá ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń wáyé ní oṣù Kìn-ín-ní àti oṣù Kejì. Ó wọ́pọ̀ kí ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan pín ọjọ́ náà, kí kálukú gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Mo múra àlàyé ìṣẹ́jú méjì nípa iṣẹ́ ìwádìí mi, mo sì ka àkótán àpilẹ̀kọ kan tó jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, kí n lè ní ìbéèrè méjì fún un tí kì í ṣe nípa owó. Ẹ ṣọ́ra fún aago. Nígbà tí aago bá lu méjì ọ̀sán ní New York, mọ́kànlá àárọ̀ ló ṣì jẹ́ ní California, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sunday kejì oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ń sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ẹni tó ṣírò aago rẹ̀ ní oṣù Kejì fún ìpàdé ìparí oṣù Kẹta lè dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa kámẹ́rà.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́ tó ń dẹ́rù bani, owó ló wà nídìí ẹ̀. Ká ní ẹ̀ka kan lágbára láti bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 8. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan á gba ibòmíràn lọ, nítorí náà wọ́n lè kọ́kọ́ pe 12. Àwọn tó tẹ̀lé e lórí àtẹ, wọn kì í lé wọn, wọn kì í sì í pè wọ́n, wọ́n á fi wọ́n pa mọ́ títí wọ́n á fi mọ iye tó kọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbọ́ ní oṣù Kejì, tí àwọn mìíràn tí fáìlì wọn dára ṣì ń dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin, tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà “má bínú” fi ń pẹ́ dé. Bí wọ́n bá sọ ọ́ gbangba pé ẹ wà lára àwọn tó ń dúró de àyè, ẹ fèsì láàárín ọjọ́ kan sí méjì pé ẹ ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n to àwọn tó ń dúró ní ipò kìíní, ìkejì. Ẹ má sọ pé ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ jù bí kì í bá ṣe òótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn ń níye lórí.

Mi ò kọ ímeèlì ìbéèrè sí ilé-ìwé kankan kí àárín oṣù Kẹta tó dé, àyàfi ibi tí mo ti ní ìdí. Ìdí tó lágbára jù ni pé ilé-ìwé mìíràn ti gbani, tó sì dá ọjọ́. Akọ̀wé ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD ni mo kọ ọ́ sí, torí òun ló mọ ibi tí ìgbìmọ̀ dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè má mọ̀ rárá. Mo fi orúkọ, ẹ̀ka àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ sórí àkọlé ímeèlì. Inú rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: ohun tí mo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún, pé mo ní ìpè ìgbaniwọlé láti ibòmíràn tí mo gbọ́dọ̀ fèsì sí ní ọjọ́ báyìí, ìbéèrè bóyá ìgbìmọ̀ ti parí ìpele àkọ́kọ́, àti ìdúpẹ́. Bí nǹkan tuntun bá wà, bí àpilẹ̀kọ tí wọ́n gbà fún títẹ̀ jáde tàbí máàkì sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ kó o pọ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àfikún ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń sú wọn.

Nígbà tí ìpè dé, mo ka lẹ́tà náà pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo wá ni oṣù tí owó oṣù máa kárí. Ká ní wọ́n kọ $27,000: bó bá jẹ́ ti oṣù 9, $3,000 ló ń wọlé lóṣù tí ilé-ìwé bá ń lọ, kò sì sí nǹkan kan nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá pín in sórí oṣù 12 á rí i pé $2,250 ló kù. Èkejì, “a ti san owó ẹ̀kọ́ fún ọ” kò túmọ̀ sí pé wọ́n san gbogbo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì ń gba àwọn owó wẹ́wẹ́ mìíràn ní sáà kọ̀ọ̀kan, mo sì béèrè iye rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ìbánigbófò ìlera, iye ọdún tí wọ́n ṣèlérí owó náà, àti iye wákàtí iṣẹ́ tí mo máa ṣe fún ilé-ìwé nítorí owó náà. Iṣẹ́ tí wọ́n bá pè ní 50% sábà máa ń jẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀, iye yẹn náà sì ni òfin gbà fún ẹni tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, nínú ọgbà ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Kò sí àyè láti fi iṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà dí àlàfo nígbà náà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ṣe pàtàkì. Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní másítà àti PhD, ní àdéhùn kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí, pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ojúṣe láti fèsì sí ìpè tó ní owó ìrànwọ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i wà lórí ìkànnì wọn. Bí ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ bá fẹ́ èsì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ẹ lè fi ìrẹ̀lẹ̀ rán wọn létí àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n àdéhùn yìí kò bo ìpè tí kò ní owó nínú, irú èyí tí ọ̀pọ̀ másítà máa ń jẹ́. Àwọn yẹn lè dá ọjọ́ tó wù wọ́n, kí wọ́n sì béèrè owó ìdáàyèsílẹ̀ tí wọn kì í sábà dá padà. Bí mo ṣe mọ ibi tí mi ò ní lọ ni mo kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sí wọn, mi ò dúró de ọjọ́ 15, torí àyè yẹn ni ẹlòmíràn ń wò lójú.

Lẹ́yìn tí mo gbà, ilé-ìwé ní kí n fi ẹ̀rí owó ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ I-20, ìwé ilé-ìwé tí a fi ń béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́tà owó ìrànwọ́ bo apá tirẹ̀, àlàfo tó kù nìkan ni ìwé báńkì ní láti bò. Nígbà tí I-20 dé, mo fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí orí rẹ̀ wé pásípọ́ọ̀tù lẹ́tà sí lẹ́tà kí n tó san $350 ti SEVIS, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, nítorí nọ́ńbà SEVIS tó wà lókè I-20 ni owó náà ń lẹ̀ mọ́. Mo tẹ rìsíìtì rẹ̀ jáde, mo fi sínú fáìlì físà. Wọ́n lè fún èèyàn ní físà F-1 títí dé ọjọ́ 365 ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò lè wọ Amẹ́ríkà ju ọjọ́ 30 lọ ṣáájú ọjọ́ tí I-20 kọ, nítorí náà ọjọ́ yẹn ni mo wò kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú.