Ìtọ̀ Òru Tó Ń Dí Àgbà Lọ́wọ́ Oorun: Ṣé Ikùn Ló Fà Á?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 64 ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo máa ń dìde tọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, ìtọ̀ náà kì í sì í dà geere mọ́. Wọ́n ní ikùn mi tó tóbi ló fà á. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Bàbá, ikùn lọ́wọ́ sí i, kì í ṣe òun nìkan. Bí ọkùnrin bá ti kọjá 50 ọdún, prọ́sítéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, sábà máa ń tóbi, a sì máa fún ọ̀nà náà. Èyí yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ. Ọ̀rá inú ikùn a wá máa tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì lè fa àtọ̀gbẹ, èyí tí í mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà ara yín wò.

Ìbéèrè: Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè sáré. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ máa rìn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 rí i pé lára àwọn ọkùnrin tó ń rìn wákàtí 2 sí 3 lọ́sẹ̀, ewu prọ́sítéètì tó tóbi fi bí ìdá 25 nínú 100 dín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó. Ẹ pe àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, mọ́ra. Ẹni tó ń jó kọjá ní Ojúde Ọba lè rìn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀, omi a máa sọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, omi yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á di ìtọ̀. Nítorí náà, ẹ dìde rìn díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé àga nírọ̀lẹ́.

Ìbéèrè: Mo ti dín omi kù lálẹ́, kò yí padà.

Ìdáhùn: Gàrí tútù tí ẹ ń mu kí ẹ tó sùn ńkọ́? Omi ni! Ẹ gbé e sí ọ̀sán. Ẹ fi obì, tíì àti ọtí sílẹ̀ lálẹ́. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan pẹ̀lú lè dí ìtọ̀ pa, ẹ béèrè kí ẹ tó lò wọ́n. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ má fẹnu kàn án.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n lọ sí ọsibítù?

Ìdáhùn: Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tí ibà bá dé, tàbí tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, ọjọ́ yẹn gan-an ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ láìpẹ́. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Onabánjọ wà ní Ṣàgámù. Ẹ kọ àkókò tí ẹ ń tọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ mú ìwé náà fún dókítà, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un.