Bí A Ṣe Ń Mọ Bí Kúásà 3C 273 Ṣe Jìnnà sí Wa Tó

Bẹ́ẹ bá fẹ́ fúnra yín wọn bí kúásà, ìyẹn àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń tàn yòò, ṣe jìnnà tó, 3C 273 ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré ló ti ń tàn, síbẹ̀ tẹlisíkóòpù 200 mm ká a. Òun náà ni onímọ̀ ìràwọ̀ Maarten Schmidt fi tú àṣírí àwọn kúásà lọ́dún 1963. Ní Àbújá, 3C 273 máa ń kọjá nítòsí àtàrí wa. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ló dára jù, nígbà tí eruku ọyẹ́ bá ti ń lọ tí òjò ò sì tíì dé. Ẹ kúrò nínú iná ìgboro, ẹ lọ sí apá Kuje tàbí Bwari. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, oore ni wọ́n ṣe yín.

Ẹ de grating (gíláàsì onílà wẹ́wẹ́ tó ń na ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀) onílà 100 sí mìlímítà kan síwájú kámẹ́rà, kẹ́ẹ kọ́kọ́ ya ìràwọ̀ Denebola. Àmì ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni òdo, ibẹ̀ lẹ ó ti máa ka pixel. Ìlà dúdú háídrójìn tó wà ní 486.1 nm (nánómítà, tí a fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀) lẹ ó fi mọ iye nm tó wà nínú pixel kan.

Ẹ wá ya 3C 273, nǹkan bí àwòrán 30, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ pa wọ́n pọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mìíràn bá gorí tirẹ̀, ẹ yí grating díẹ̀, kẹ́ẹ sì tún Denebola yà.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ti kúásà kì í ṣe ìlà dúdú, òkè ìmọ́lẹ̀ fífẹ̀ ni. Ẹ má wọn ṣóńṣó rẹ̀, torí ariwo kámẹ́rà lè tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àárín ìdajì òkè rẹ̀ ni kẹ́ẹ wọ̀n. Ẹ ó rí ọ̀kan ní nǹkan bí 563 nm, òmíràn tó kéré sí i ní nǹkan bí 502.6. Èyí tó yọ jù, nítòsí 760, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ wa ti bù ú jẹ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìlà kan ò tó láé. Ẹ fi ibi tẹ́ẹ ti rí ìlà háídrójìn méjèèjì wé ibi tó yẹ kí wọ́n wà, 486.1 àti 434 nm. Bí wọ́n ṣe sún sí apá pupa tó ni à ń pè ní redshift:

(563 − 486.1) ÷ 486.1 = 0.158
(502.6 − 434) ÷ 434 = 0.158

Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ ti pe ìlà kan lórúkọ ọlọ́rúkọ nìyẹn.

Ìyókù ò le. Ẹ fi redshift náà sọ iye tí ìmọ́lẹ̀ ń sá di púpọ̀: 0.158 × 300,000 jẹ́ 47,400 km láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 70, iye Hubble tó ń sọ bí àgbáyé ṣe ń yára fẹ̀ tó, pín in: 677 megaparsec, bíi bílíọ̀nù 2.2 ọdún ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí 70 yẹn, láti 67 dé 73, nítorí náà ìdáhùn lè wà láàárín 649 sí 707 megaparsec. Ẹ má fi grating yìí wọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M77, 0.004 ni redshift rẹ̀, ó kéré jù fún un. Bí redshift bá sì kọjá 0.2, pípín lásán ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ lo cosmology calculator orí íntánẹ́ẹ̀tì.