Apá Kejì Tí Kò Tó Ti Àkọ́kọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Fíìmù Ìjà Sáyẹ́ǹsì Àròsọ

Bí fíìmù kan bá ti pa owó ńlá, kì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ń ní kí wọ́n ṣe apá kejì. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún á jókòó, á bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni wọ́n fẹ́ràn nínú ti àkọ́kọ́ gan-an? Ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí i lọ́kàn ni ohun tó hàn sójú: ọkọ̀ òfuurufú gìrìwò, ìbúgbàmù, ilé tó ń wó. Kì í rántí ẹni tí àyà wa ń já fún nígbà tí ilé náà ń wó.

Nítorí náà, ẹ má gbà pé bó bá ti tóbi sí i ni yóò dùn sí i. Independence Day jáde ní 1996. Ọkọ̀ àwọn àjèjì inú rẹ̀ fẹ̀ tó láti bo ìlú ńlá kan. Èèyàn á yọjú síta, á rí òjìji tó ń rọra bo àdúgbò rẹ̀, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù á sì ba àwa náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, ó sì pa ju mílíọ̀nù 800 lọ káàkiri àgbáyé. Ní 2016, Roland Emmerich tó darí ti àkọ́kọ́ gbé apá kejì rẹ̀, Resurgence, jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ àwọn àjèjì tóbi débi pé gbogbo òkun Àtìláńtíìkì ló bà lé. Ta ló lè fojú inú wo ìyẹn? Ohun tó bo òrùlé mi, mo mọ bó ṣe máa rí lára. Ohun tó bo odidi òkun, iye lásán ni létí mi. Owó tí wọ́n ná sí i ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, èyí tó wọlé kò sì tó ìdajì.

Will Smith kò sí nínú rẹ̀. Ṣe ni wọ́n kàn sọ fún wa pé awakọ̀ òfuurufú tó ṣe nínú ti àkọ́kọ́ ti kú níbi tó ti ń dán ọkọ̀ kan wò. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fipá mú òṣèré padà, n kò bá wọn wí nítorí ìyẹn. Ohun tí mo bá wọn wí fún ni pé wọ́n kó ọ̀dọ́ rẹpẹtẹ jọ láti dí àlàfo ẹnì kan, wọn kò sì ráyè jẹ́ ká mọ èyíkéyìí nínú wọn dáadáa.

Kì í kúkú ṣe ọ̀pọ̀ ló burú. Ẹranko abàmì kan ṣoṣo ló ń pa èèyàn nínú ọkọ̀ ní Alien ti 1979. James Cameron kó wọn wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú Aliens ní 1986, fíìmù náà sì dára gan-an. Kò tún ìtàn ẹnì kan tó ń sá kiri sọ. Ogun ló sọ ọ́ dà, ó sì fi ọmọdébìnrin kékeré kan, Newt, lé Ripley, akọni obìnrin inú fíìmù méjèèjì, lọ́wọ́. Látìgbà náà, bí ẹranko bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọmọ yẹn là ń rò.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Alien 3 máa fi bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wọ́n ti pa Newt, wọ́n ti pa Hicks, ọmọ ogun tó bá wọn là á já, pẹ̀lú. Ọmọ tí a fi odidi fíìmù kan gbàdúrà fún! Nínú gbogbo àṣìṣe tí mò ń kà sílẹ̀ yìí, òun ló dùn mí jù. Men in Black II náà ṣe irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín ló fi ṣe é. Ní ìparí ti àkọ́kọ́, wọ́n pa gbogbo ìrántí K, ọ̀kan nínú àwọn akọni méjì inú rẹ̀, rẹ́ kó lè padà sọ́dọ̀ obìnrin tó fẹ́ràn. Ìparí tó gún régé ni. Ní 2002, wọ́n lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n dá ìrántí náà padà fún un. Kí la wá ń ṣomi lójú sí tẹ́lẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ìwúwo lára nǹkan. Nínú Pacific Rim ti 2013, Guillermo del Toro jẹ́ kí àwọn róbọ́ọ̀tì rẹ̀ máa jà lóru, nínú òjò. Omi ń ṣàn lára wọn, apá á lọ sẹ́yìn pẹ́ kó tó kan ọ̀tá. Ọ̀kan tiẹ̀ wọ́ odidi ọkọ̀ ojú omi gba ìgboro Hong Kong kọjá bí kùmọ̀. Nígbà tí apá kejì rẹ̀, Uprising, dé ní 2018 lábẹ́ olùdarí mìíràn, ọ̀sán gangan ni ìjà ńlá ti Tókíò, àwọn róbọ́ọ̀tì sì ń fò sókè sódò bí ẹni tó fi páálí ṣara. Owó tó wọlé já láti bíi mílíọ̀nù 411 dọ́là sí 290.

Akọni tí kò lè ṣubú ńkọ́? Nínú The Matrix ti 1999, bí o bá rí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ẹ̀rọ, sísá ni kí o sá. Ṣùgbọ́n kí fíìmù náà tó parí, Neo, akọni inú rẹ̀, ti ń dá ọta ìbọn dúró ní òfuurufú, ó sì ti ń fò. Ní Reloaded, apá kejì tó jáde ní 2003, Smith, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú náà, sọ ara rẹ̀ di àìmọye, wọ́n rọ́ lù ú, ó bá wọn jà títí, nígbà tó sú u, ó fò lọ. Ó lè fò látìbẹ̀rẹ̀! Bí a bá ti mọ̀ pé ẹ̀yìn oníjàkadì kan kò lè kanlẹ̀ láé, kí la dúró ń wò?

Ẹnì kan á ní Reloaded pa owó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òótọ́ ni, bíi mílíọ̀nù 740 dọ́là. Fíìmù àkọ́kọ́ ló fa àwọn èèyàn wá síbẹ̀. Apá kẹta jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2003 kan náà, ó sì já wálẹ̀ sí bíi 427.

Ẹ má sì sọ fíìmù àgbà di tọmọdé. RoboCop ti 1987 kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀fẹ̀ tó korò. Nígbà tó fi máa di apá kẹta ní 1993, wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀ nù kí ọmọdé lè wò ó.

Ó ku ìpolówó. Terminator Genisys ti 2015 ní àṣírí kan nípa John Connor, olórí àwọn èèyàn tó ń bá ẹ̀rọ jà, tó yẹ kó fa háà jáde lẹ́nu èèyàn. Wọ́n fi í sínú fídíò ìpolówó. Nígbà tí mo wo fíìmù náà tí mo dé ibẹ̀, ṣe ni mò ń retí kó tètè kọjá.