Bí Mo Ṣe Dá Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Òkè Corrieyairack

Ní oṣù kẹfà, mo gbé kẹ̀kẹ́ ológeere mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow lọ sí Spean Bridge ní apá òkè Scotland, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rin rin nǹkan bí 130 kìlómítà, èmi nìkan, títí mo fi dé ibùdókọ̀ ojú irin Corrour. Àgọ́, àpò ìsùn, ìkòkò kékeré kan àti oúnjẹ ni mo dì mọ́ ara kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ ní Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin, ìwọ nìkan, nínú igbó? Bí ẹnì kan bá dá ọ lọ́nà ńkọ́?" Mi ò bá wọn jiyàn, nítorí pé nílé, ènìyàn ni à ń bẹ̀rù ní ọ̀nà tó bá dá. Ṣùgbọ́n níbi tí mò ń lọ yìí, òtútù, omi àti ìjàǹbá kékeré tí kò sí ẹni tí yóò báni gbé e ni ewu tó wà níbẹ̀, àwọn ni mo sì múra dè.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ náà. Mo kọ ọ̀nà tí n óò gbà lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ibi tí mo fẹ́ sùn sí àti àwọ̀ àgọ́ mi. A jọ fẹnu kò pé bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá kọjá láìgbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ mi, kí wọ́n ní sùúrù di agogo mẹ́fà àárọ̀, bí kò bá sì tíì sí ìròyìn, kí wọ́n pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ Britain, kí wọ́n béèrè ọlọ́pàá, nítorí pé ọlọ́pàá ló ń ránṣẹ́ pe àwọn tó ń gba ènìyàn là lórí òkè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà, nítorí náà mo mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo tún kọ "register" ránṣẹ́ sí 999 lórí fóònù mi kí n tó kúrò nílé, kí n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ níbi tí ìpè kò bá ti lè wọlé. Fèrè wà lọ́rùn mi: ẹ̀ẹ̀mẹfà ni à ń fọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, a ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, gaàrí, ẹ̀pà àti kúlíkúlí ló pọ̀ jù nínú ẹrù mi. Mi ò rí oúnjẹ mìíràn tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn sì lè jẹ ẹ́ yó bí iná bá kọ̀ tí kò ràn, omi tútù nìkan ló ń fẹ́.

Ọjọ́ kìíní kò nira. Ẹ̀bá Caledonian Canal, ipadò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, ni mo gbà dé Fort Augustus, ibẹ̀ ni mo sì sùn.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀nà Corrieyairack. Ọ̀gágun George Wade ló mú kí àwọn ọmọ ogun là á ní ọdún 1731, kí ogun ọba lè tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó bá ṣọ̀tẹ̀. Ní ọdún 1745, ọ̀nà kan náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbà. Láti ẹ̀bá omi ni mo ti gun un títí dé orí, tó ga tó nǹkan bí 770 mítà, títì ni mo sì ti kẹ̀kẹ́ mi fún èyí tó ju ìdajì lọ. Àwọn òpó iná gìrìwò tó ń lọ láti Beauly dé Denny ń bá mi lọ lápá kan, inú mi sì dùn sí wọn nígbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà.

Òjò dé nígbà tí mo débẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ líle. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, òkúta kan tó mú bí abẹ ya ẹ̀gbẹ́ taya ẹ̀yìn mi. Bí mo bá kàn fi tíúbù mìíràn sí i, yóò yọ jáde lójú ibi tó ya, yóò sì bẹ́. Mo mú owó márùn-ún pọ́n-ùn kan, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá ṣe nísinsìnyí, mo ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, mo fi tẹ́ inú taya níbi tó ya, mo sì ń fún tíúbù náà ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ń wú. Kò wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ pa àpò irinṣẹ́ mi dé, ìka mi kò lè di síìpù mú mọ́, mo sì dúró fún ìgbà díẹ̀, mi ò rántí ohun tó kàn láti ṣe.

Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìrìn náà, nítorí pé bí òtútù ṣe ń wọnú ènìyàn nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹnìkejì, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò rí i lójú rẹ̀ tí yóò sì sọ fún un. Èmi tí mo dá wà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara mi bí ẹní ń ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Laggan ni mo ti fẹ́ sùn, ó ku nǹkan bí 18 kìlómítà láti ìsàlẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n mo pa ìpinnu náà tì, mo yà sí ilé olókùúta tó wà ní Melgarve, tí arìnrìn-àjò lè sùn sí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bọ́ gbogbo aṣọ tútù, mo wọ èyí tó gbẹ tí mo fi ọ̀rá wé, mo se omi, mo tẹ ẹ̀bà, mo sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti yí ibi tí n óò sùn sí padà.

Òjò dá ní òwúrọ̀. Mo kọjá lórí afárá Garva, mo gba Laggan, mo sì tọ ẹ̀bá adágún Loch Laggan títí mo fi ya sí ọ̀nà igbó tó lọ sí Loch Ossian. Láti ibẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, mi ò rí ènìyàn kankan. Àwọn àgbọ̀nrín dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò mí, wọn kò sì sá títí mo fi sún mọ́ wọn gan-an. Ìró ṣéènì mi nìkan ni mò ń gbọ́, bí mo bá sì dúró, ìyẹn náà á dákẹ́. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ìlú ńlá, mi ò tíì wà níbi tí nǹkan kan kò ti béèrè mi rí. Ara mi fúyẹ́, ọkàn mi dúró sójú kan, nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ dá lọ, mi ò sì rò pé n bá rí i bí ẹnì kan bá ń bá mi sọ̀rọ̀.

Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 gbà kí ènìyàn pàgọ́ ní irú ibẹ̀, bí kò bá ba nǹkan jẹ́. Mo pa tèmi lẹ́bàá omi. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, àwọn kòkòrò tíńtìntín tó ń jẹni bò mí, mo sì sáré wọnú àgọ́ pẹ̀lú gaàrí mi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ ló yẹ kí n pa á sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo dé Corrour, ibùdókọ̀ tí ọ̀nà títì tí gbogbo ènìyàn ń gbà kò dé, mo sì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé ọkọ̀ ojú irin ti dé, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ wọlé. Ìdáhùn wọn kò pẹ́: "Láti agogo márùn-ún ni mo ti ń wo aago. Ṣé o ti jẹun?"