Òsúkè Ìkókó: Ẹ Yé Rọ Ọmọ Lómi

Ẹ̀yin ìyá ìkókó àti ẹ̀yin ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ, ẹ mọ ọmọ wẹ̀, ẹ sì mọ̀ ọ́n pọ̀n. A ò ní kọ́ yín níyẹn. Ọ̀rọ̀ omi la bá wá.

Láti Ọjà Ọba dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ohun kan náà là ń rí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta súkè lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n ń da omi sí i. Ọmọ á máa ta ọwọ́ ta ẹsẹ̀, omi á gba imú. Wọ́n á ní òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Òǹgbẹ wo? Iṣan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn ló ń sún kì, pàápàá tí ọmọ bá yó tàbí tó gbé afẹ́fẹ́ mì. Inú oyún lọmọ ti ń súkè. Ta ló rọ ọ́ lómi níbẹ̀?

Ọmú nìkan fún oṣù 6. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí gripe water.

Tí òsúkè bá dé lẹ́nu ọmú, ẹ yọ ọmú. Ẹ gbé ọmọ sí èjìká lóòró, ẹ máa fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 títí yóò fi gùnfẹ̀. Ẹ má gbá a. Tó bá tún fẹ́ ọmú, ẹ fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé e lóòró fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ sì fi lélẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ebi bá mú un ké: ìgbà 8 sí 12 ni kó mu ọmú láàárín wákàtí 24.

Òwú tí ẹ ń fi itọ́ lẹ̀ mọ́ ọmọ níwájú orí ńkọ́? Òsúkè á lọ fúnra rẹ̀, òwú á gba ọpẹ́. Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ, ẹ má sì tẹ àwùjẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tó ń bì èébì aláwọ̀ ewé, tó ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tó 37.5°C lórí témómítà, ẹ má yà sọ́dọ̀ elégbòogi kankan. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.