Bí A Ṣe Ń Yan Wíńgì àti Pléètì Ẹ̀yìn fún Mímòòkùn Nínú Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́

Kò sí òkun ní Ìlọrin, kò sì sẹ́ni tó máa pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ torí odò Àṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Jẹ́dà kò ṣàjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ti Dubai, Íjíbítì àti Zanzibar, àwọn ọmọ wa kan sì ti kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn níbẹ̀. Ẹni tó ti gba ìwé-ẹ̀rí, tí yíyá jákẹ́ẹ̀tì ìmòòkùn gbígbó, èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé wa léfòó, ti wá sú, òun ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọ, kó lọ kọ́ ọ ná. Ohun èlò kì í kọ́ni níṣẹ́.

Ohun mẹ́ta la fẹ́ so pọ̀. Pléètì ẹ̀yìn ni irin tàbí ike pẹrẹsẹ tó máa jókòó sí wa lẹ́yìn. Bẹ́líìtì máa ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, á kọ́ èjìká méjèèjì, á sì di ìbàdí. Wíńgì ni àpò afẹ́fẹ́ tó wà láàrin pléètì àti sílíńdà: a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó lè gbé wa, a ó tú u kí a lè sọ̀ kalẹ̀. Láàrin àwọn tó ń wọ ihò abẹ́ omi ní àríwá Florida, ní Amẹ́ríkà, ni irú ìdì yìí ti gbilẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa tó kàn fẹ́ wo ẹja. Ó fi àyà sílẹ̀ ní òfìfo, ó jẹ́ kí ara na gbọọrọ nínú omi, bí apá kan bá sì bàjẹ́, apá yẹn nìkan la ó pààrọ̀.

Wíńgì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dán nínú àwòrán. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òjé, ìwúwo tí a ń so mọ́ra kí a lè rì, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ iye òjé tí ẹ ń gbé

Ẹ wọ aṣọ tí ẹ máa wọ wọnú òkun gan-an. Ẹ gbé sílíńdà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó ku bíi bar 50 (bar la fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀). Ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ṣánṣán lójú omi láìta ẹsẹ̀, ẹ mí sínú dé ìdajì, kí ẹ dá a dúró díẹ̀. Bí omi bá dé ìpele ojú yín, òjé pé. Bí gbogbo orí bá yọ síta, ẹ fi kún un. Bí ẹ bá rì, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ sílíńdà tó kún lẹ rí, ẹ fi bíi kílò 2 lé iye tí ẹ bá rí, torí afẹ́fẹ́ ní ìwúwo tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà alumíníọ̀mù lítà 11, èyí tó wọ́pọ̀ jù níbi tí omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó kílò 2.7. Nígbà tó bá kún, sílíńdà yẹn ń rì díẹ̀. Nígbà tó bá ń tán lọ, ó ń léfòó, á sì máa gbé ìdí yín sókè. Èèyàn á ní wíńgì òun ò dáa, bẹ́ẹ̀ òjé ni kò pé.

Nílé, pool òtẹ́ẹ̀lì lẹ máa rí lò. Ẹ bá máníjà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ o, torí síkiọ́rítì tó bá rí ẹni tó gbé sílíńdà wọ́ wọlé kò ní dúró gbọ́ àlàyé. Omi pool kì í ṣe omi iyọ̀: omi òkun fi bíi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju omi lásán lọ. Bí ẹ̀yin àti ẹrù yín bá jẹ́ kílò 100, ẹ máa fi bíi kílò 2.5 kún òjé tí ẹ bá dé òkun. Òkun Pupa tún níyọ̀ ju ọ̀pọ̀ òkun lọ. Ẹni tó ń lọ sí Jẹ́dà tàbí Íjíbítì, kó máa fọkàn sí bíi 3. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ sínú fóònù. Òun lẹ máa gbé lọ sọ́jà.

Pléètì

Ẹ fi ojú òjé wo pléètì. Pléètì stainless wúwo tó kílò 2.7 tàbí súnmọ́ ọn. Ti alumíníọ̀mù kì í sábà pé kílò kan. Ti ike sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Ká ní ẹnì kan ń lo òjé kílò 4 pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì, sílíńdà alumíníọ̀mù ló sì ń gbé. Bó bá mú pléètì stainless, kílò 2.4 ló máa rí gbà lára rẹ̀ nínú omi. Fóòmù tó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì, tó ń léfòó, náà ti kúrò. Ó lè wá ku kílò kan péré tó máa so mọ́ra, tàbí kó má ku nǹkan kan. Ìwúwo yẹn á wà láàrin ẹ̀yìn rẹ̀ dípò kó máa fà á ní ìbàdí.

Ẹ ṣọ́ra bó bá jẹ́ sílíńdà irin ni wọ́n ń lò níbi tí ẹ ń lọ. Sílíńdà irin kì í sábà léfòó bó tilẹ̀ tán. Pléètì irin, sílíńdà irin, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò léfòó: ẹni tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti wúwo jù, kò sì ní òjé kankan tó lè já sílẹ̀ bí wíńgì bá bẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, alumíníọ̀mù tàbí ike ni tirẹ̀. Ní Íjíbítì àti Zanzibar, sílíńdà alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ìmòòkùn tí ẹ ń lọ kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ bàálù tún wà níbẹ̀. Nínú kílò 23 tí wọ́n sábà máa ń fúnni, pléètì stainless á mú ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ òjé ń bẹ nínú ọkọ̀ ojú omi níbi tí ẹ ń lọ, ọ̀fẹ́ sì ni níbi púpọ̀. Tèmi ni pé ẹni tó máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó ra alumíníọ̀mù, kó lo òjé wọn.

Ṣé wẹ́dà lè gé pléètì fún wa ní Ìlọrin? Ó lè gé e dáadáa, bó bá rí àpẹẹrẹ tó máa wò. Páànù stainless mìlímítà 3 ni kí ẹ rà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Bó bá lẹ̀ mọ́ páànù náà gírígírí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Irú 316 ló ń fara da iyọ̀ jù, 304 náà ṣeé lò fún ẹni tó ń fi omi mímọ́ ṣan nǹkan rẹ̀. Ihò bóòtù méjèèjì tó wà láàrin gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 28, láti àárín ihò kan sí àárín èkejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wíńgì tí ẹ bá rà kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń fi fáìlì ra ẹnu àwọn ihò bẹ́líìtì, ẹ fi ìka yí inú ihò kọ̀ọ̀kan po. Ibi tó bá ha ìka yín, níbẹ̀ ni bẹ́líìtì máa já sí lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n wíńgì, ẹ má gbé e fún télọ̀ tàbí ẹni tó ń rán báàgì. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Ẹ ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe.

Wíńgì, àti ìdí tí títóbi kì í fi ṣe ìdánilójú

Iṣẹ́ méjì la gbé lé wíńgì lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá bọ́ ẹrù náà kúrò lára lójú omi, tí sílíńdà ṣì kún, kó lè gbé e léfòó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìwúwo wọn nínú omi, ní kílò: sílíńdà alumíníọ̀mù tó kún, 0.7, rẹgulétọ̀ tí a ń gbà mí àti rọ́bà rẹ̀, bíi 1, pléètì irin, 2.4, òjé tó so mọ́ sílíńdà, ká pè é ní 2. Kílò 6 àti díẹ̀ ni. Èkejì, kó lè gba ìwúwo afẹ́fẹ́ tí ẹ kò tíì mí, kílò 2.7, kó sì dí àlàfo tí aṣọ rọ́bà máa fi sílẹ̀. Ní mítà 10, ìtẹ̀ ara ti di ìlọ́po méjì ti òkè, aṣọ rọ́bà á sì fún pọ̀; ti mìlímítà 3 lè pàdánù kílò kan sí méjì nínú agbára ìléfòó rẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé 5.

Èyí tó ga jù nínú ìṣirò méjèèjì ni kí ẹ mú, kí ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé e nítorí ìgbì. Kílò 9 tó, 13 ti pọ̀ tó fún ẹni tó máa ń gba sílíńdà irin nígbà mìíràn. Pọ́n-ùn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń kọ ọ́ sára: 20 ni kílò 9, 30 sì lé díẹ̀ ní 13. Èyí tí wọ́n kọ 40 tàbí 60 sí, ti àwọn tó ń gbé sílíńdà méjì ni. Bí ẹ bá fi gbé ẹyọ kan, á dà bí agbádá bàbá lára ọmọdé: etí rẹ̀ á ká bo sílíńdà, afẹ́fẹ́ á há sínú ìṣẹ́po tí kò ní fẹ́ jáde nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, omi á sì máa fà yín sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́jà á ní ẹ mú ńlá “torí ààbò”. Ẹ má dá wọn lóhùn. Afẹ́fẹ́ tó há tí kò jáde ló ń gbé èèyàn sókè lójijì.

Ní ti ìrísí, ti òrùka ni mo máa sọ pé kí ẹ mú, kì í ṣe ti bàtà ẹṣin, torí afẹ́fẹ́ inú òrùka lè yí ká láti apá kan sí èkejì láìsí pé ẹ ń fi ara tì í. Ẹ wò ó bóyá fàlífù ìtú afẹ́fẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan lókè lápá òsì tí rọ́bà ìfẹ́ afẹ́fẹ́ ti jáde, ọ̀kan nísàlẹ̀ lẹ́yìn lápá òsì tó ní okùn tí a ń fà. Ẹ fà á, ẹ jù ú sílẹ̀, kó padà dé láìlọ́ra. Rọ́bà ìfẹ́ afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ gùn jù. Sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 tó.

Wíńgì aláwọ-kan máa ń fúyẹ́, ó sì ń tètè gbẹ. Aláwọ-méjì ní aṣọ líle lóde, àpò rọ́bà nínú. Ẹni tó ń bẹ́ láti inú ọkọ̀ lọ wo iyùn, awọ kan tó fún un. Ẹni tó máa wọ ọkọ̀ rírì tàbí ibi tí àwọ̀n apẹja wà, awọ méjì ni kó rà.

Bẹ́líìtì

Bẹ́líìtì nylon alápá kan, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5, tó gùn bíi mítà 3.7, ló dára jù, kì í ṣe èyí tó ní búkù púpọ̀. Ẹ fi iná ìṣáná jó ẹnu rẹ̀ kó má bàa tú. Ẹ ti ẹnu kan gba ihò òkè pléètì jáde, kó gba orí èjìká, kó wọ ihò abẹ́ apá padà, kó wá sí iwájú ní ìbàdí. Bákan náà ní apá kejì. Ẹ ó fi irin ìdádúró de òrùka onírísí D kan mọ́ èjìká kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí ọwọ́ òdìkejì lè dé láìwo ibẹ̀, àti ọ̀kan sí ìbàdí òsì. Búkù ìbàdí kò gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn, ẹ tì í sí ọ̀tún díẹ̀, torí bẹ́líìtì tó ń gba abẹ́ ìtan jáde síwájú lè ṣèèṣì ṣí i.

Tó bá kan bó ṣe fún tó: ẹ na ọwọ́ pẹlẹbẹ wọ abẹ́ bẹ́líìtì èjìká, kó wọlé láìjà. Ọ̀pọ̀ ló ń fún un jù ní yàrá, tí wọ́n bá wá dé òkun pẹ̀lú aṣọ rọ́bà, wọn ò lè bọ́ ọ. Ẹ wọ aṣọ yẹn nígbà tí ẹ bá ń díwọ̀n rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn á bò yín ní ooru Ìlọrin. Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré sí ìbàdí lápá òsì nítorí okùn apẹja.

Ìdánwò kí ẹ tó rìnrìn-àjò

Ẹ fẹ́ wíńgì náà kó kún, ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Bó bá ti rọ̀, ẹ rì í sínú baàfù omi ọṣẹ, ẹ wo ibi tí ìfóòfóò ti ń jáde. Ẹnu fàlífù ló máa ń jẹ́ jù, ìdè tí kò fún ni. Bóòtù tó mú sílíńdà mọ́ pléètì kò gbọ́dọ̀ gún wíńgì ní ibì kankan. Ẹ rọra fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ wò láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, nínú pool, pẹ̀lú sílíńdà tó kún, tí ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: ẹ tú wíńgì tán pátápátá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ nìkan gbìyànjú láti dé òkè. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbé yín, ìwúwo yín ti pọ̀ jù, ẹ padà sórí òjé. Bí wíńgì bá ń tì yín dojú bolẹ̀ lójú omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ tú díẹ̀, kí ẹ sì fẹ̀yìn tì.

Tí ẹ bá ti òkun dé, ẹ da omi bọ́hò sínú wíńgì, ẹ jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ dojú rẹ̀ dé kí omi iyọ̀ lè ṣàn jáde láti fàlífù ìsàlẹ̀. Iyọ̀ tó bá gbẹ nínú rẹ̀ ló ń gé àpò láti inú. Ẹ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi kọ́ sí inú ilé, kì í ṣe sórí okùn aṣọ nínú oòrùn, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo rọ́bà máa ń sán.