Bí mo ṣe gba ojú "kí" wọ inú subjuntivo èdè Sípáníìṣì

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò tóbi lójú: ìwé pélébé kan ní èdè Sípáníìṣì, tí yóò máa bá aṣọ àdìrẹ lọ sílé ẹni tó bá rà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ló ni ìsọ̀ náà, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí ní Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun ti wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO kọ sílẹ̀ láti 2005. Tí ọdún Ọ̀ṣun bá sì dé nínú oṣù kẹjọ, ẹ óò gbọ́ èdè Sípáníìṣì létí odò: ará Kúbà tó ń kọ Ọ̀ṣun ní Ochún, ará Mẹ́síkò, ará Kòlóḿbíà, ará Sípéènì fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ra aṣọ dáadáa. Ohun tó ń dun Màmá ni pé aṣọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya láàárọ̀, tí wọ́n tún rẹ sínú aró, tí wọ́n yọ, tí wọ́n tún rẹ, ẹni tó rà á lè lọ jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú omi gbígbóná àti jíìkì.

Mo ti ń kọ́ èdè Sípáníìṣì bọ̀ lórí fóònù àti nínú ìwé. Mo ní kí Màmá kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí oníbàárà mọ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Wọ́n ní:

"Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí aró má baà ṣí. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́, kó má baà ba aṣọ mìíràn jẹ́. Ẹ má lọ́ ọ. Ẹ sá a síbi òjìji, kí oòrùn má baà jẹ́ kó ṣá. Ẹ má rò pé ọ̀dà ni o, aró ni. Ó yẹ kí ẹ ká a síbi tó gbẹ. Inú wa dùn pé ẹ wá."

Nígbà tí mo wo ohun tí mo kọ, "kí" ló kún inú rẹ̀. Àwọn ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè yìí máa ń sọ̀rọ̀ nípa subjuntivo (ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń ní níbi tí a ti ń sọ ohun tí a fẹ́ tàbí tí a kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀) bí ẹni pé ohun àjèjì pátápátá ni, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní in mọ́. Àwa ní in. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín "mo mọ̀ pé ó wá" àti "mo fẹ́ kí ó wá" ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí èdè Sípáníìṣì ń béèrè: sé que viene, quiero que venga. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi so gbólóhùn méjèèjì pọ̀, ìyẹn "que". Nítorí náà, ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ti ń fi ìyàtọ̀ hàn. Tiwa wà lára ìsopọ̀: "pé" fún ohun tí a ń sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀, "kí" fún ohun tí a fẹ́, tí a ka sí pàtàkì, tàbí tí a ń torí rẹ̀ ṣe nǹkan.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń yí padà kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ mú èyí tó bá "yo" (èmi) mu, ẹ yọ "o" ìparí rẹ̀ kúrò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ará ilé -ar, ìyẹn èyí tí ìrísí rẹ̀ lásán parí sí -ar, ẹ fi e sí i: lavar (fọ̀), lavo, lave. Bó bá jẹ́ ará ilé -er tàbí -ir, ẹ fi a sí i: poner (gbé sí), pongo, ponga; retorcer (lọ́), retuerzo, retuerza. Mẹ́fà péré ni kò gba ọ̀nà yìí, gbogbo wọn ló sì jẹ́ àwọn tí ti "yo" wọn kò parí sí o: ser (sea), estar (esté), ir (vaya), haber (haya), saber (sepa), dar (dé). Ẹ há wọn sórí. Secar (sá gbẹ) máa ń di seque, pagar (sanwó) a di pague, kí ìró k àti g inú wọn má baà yí padà nígbà tí e bá tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni.

Apá tí mo gbádùn jù ni ti ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan, torí pé Yorùbá tọ́ mi sọ́nà débi tí n kò retí. "Para que" ni "kí … lè", tó bá sì jẹ́ ìdènà ni, "para que no" ni "kí … má baà". Para que no destiña: kí aró má baà ṣí. Ẹ wá wo èyí: bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló ń ṣe nǹkan méjèèjì, èdè Sípáníìṣì á fi para àti ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, láìsí que. Vine para comprar tela: mo wá láti ra aṣọ. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò ṣe èkejì, para que dé: te llamé para que vinieras, mo pè ọ́ kí o lè wá. "Láti" àti "kí" ni a fi pín tiwa, a sì ti ń pín in bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀wé. Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni "nítorí". Nítorí pé aró ń ṣí: porque destiñe, indicativo (ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí a ń sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀). Nítorí kí aró má baà ṣí: para que no destiña, subjuntivo. "Nítorí" kan náà ni. "Pé" tàbí "kí" tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bóyá ohun tó ń fa ọ̀rọ̀ ni a ń sọ, tàbí ohun tí a ń lé. Ẹ tún fi "kí … tó" kún un: kí omi tó tutù, antes de que el agua se enfríe. Antes de que kì í jáde láìsí subjuntivo.

Ọ̀rọ̀ "ó ṣe pàtàkì" náà kò le. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀: es importante que la laven aparte. Tí ẹ kò bá ní ẹnì kan lọ́kàn, tí ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, "láti" ló máa ń wà níbẹ̀: ó ṣe pàtàkì láti fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, es importante lavarla aparte. Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe wúwo tó. Ó yẹ kí: conviene que. Ó dára jù kí: es mejor que. Ó pọn dandan kí: es necesario que, es preciso que. Ó di dandan gbọ̀n kí: es obligatorio que. Gbogbo wọn ló ń gba subjuntivo, ṣùgbọ́n etí tó ń gbọ́ wọn kò gbọ́ wọn bákan náà. Mo ka ohun tí mo kọ́kọ́ tò fún obìnrin ará Kúbà kan tó wá ra aṣọ. Nígbà tó gbọ́ es necesario que la guarden doblada (ó pọn dandan kí ẹ ká a pamọ́), ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní conviene á dùn jù níbẹ̀, torí pé ẹni tó ti sanwó aṣọ ti ní aṣọ.

Màmá bi mí pé, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí á má pàṣẹ fún oníbàárà, kí á gbà wọ́n níyànjú ni, mà."

"Òótọ́ ló sọ. Bá mi fi sí i bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, "ustedes" ni mo lò fún un. Ní Sípéènì, bí wọ́n bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, vosotros (ẹ̀yin) ni wọn óò lò, a ó sì máa rí lavéis. Ní Látìn Amẹ́ríkà, ustedes ni fún gbogbo ẹni tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, ará Sípéènì pàápàá á sì gbà á bí ọ̀wọ̀. "Ẹ" tiwa ló jọ jù lọ. Àṣẹ tí a bá sì pa fún ustedes, subjuntivo náà ni: laven, no la retuerzan. Nítorí náà ìwé yìí kì í jáde nínú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èrò ọkàn ni ibi tí "kí" ti fi mí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọ́ èdè yìí dúró sí pẹ́. Ní Yorùbá, "pé" ló ń tẹ̀ lé rírò, ì báà jẹ́ pé a ń gbà, ì báà jẹ́ pé a ń kọ̀. Mo rò pé aṣọ yìí dára. N kò rò pé aṣọ yìí máa ṣá. Èdè Sípáníìṣì ya wọ́n: creo que esta tela es buena, ṣùgbọ́n no creo que esta tela se destiña. Ohun tí mo fi ń dán an wò nìyí: mo máa ń gé orí gbólóhùn náà kúrò, mo wá ń béèrè bóyá èmi fúnra mi lè dúró lórí ohun tó kù. "Aṣọ yìí dára": mo lè sọ ọ́ níbikíbi, indicativo ni. "Aṣọ yìí máa ṣá": n kò ní í sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí mò ń kọ̀ gan-an ni, nítorí náà subjuntivo. Bẹ́ẹ̀ náà ni es verdad que àti está claro que ń gba indicativo, tí no es verdad que àti no está claro que ń gba subjuntivo. Dudo que, mo ń ṣiyèméjì, subjuntivo.

Ìdánwò yẹn gbé mi jìnnà, kò gbé mi dé òpin. "Inú wa dùn pé ẹ wá." Ẹ gé orí rẹ̀: ẹ wá. Òótọ́ ni, wọ́n dúró níwájú wa. Síbẹ̀ nos alegra que hayan venido ni wọ́n ń sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé a kò fi gbólóhùn náà sọ fún wọn pé wọ́n wá, wọ́n mọ̀. Bó ṣe rí lára wa ni a ń sọ. Níbi tí a bá ti ń fi ìdùnnú, ìyàlẹ́nu tàbí ìdájọ́ lé ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ lórí, subjuntivo ló máa ń wá. Èyí ló mú kí me parece que (ó dà bí ẹni pé lójú mi) gba indicativo, tí me parece bien que (ó dára lójú mi pé) sì gba subjuntivo. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, bien, ti sọ èrò di ìdájọ́. Me parece que la lavan a mano: mo rò pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Me parece bien que la laven a mano: ó dára lójú mi bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ fọ̀ ọ́.

Àṣẹ Màmá tún kù: "Ẹ má rò pé ọ̀dà ni o." Ìkọ̀sílẹ̀ wà níbẹ̀, rírò wà níbẹ̀, ènìyàn á retí subjuntivo lẹ́yìn que. Rárá. No crean que es pintura. Crean ti wà ní subjuntivo torí pé àṣẹ ni, ṣùgbọ́n "es" dúró ní indicativo, nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń kìlọ̀ fún ẹlòmíràn nípa ohun tó lè gbà gbọ́. Ìbéèrè tó ní ìkọ̀sílẹ̀ nínú sábà máa ń rí bákan náà: ¿no cree usted que es bonita? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti gbà pé aṣọ náà rẹwà.

Ohun tí a tẹ̀ jáde nìyí:

"Gracias por llevarse esta tela, teñida a mano en Osogbo. Es importante que la primera vez la laven aparte, para que no manche otra ropa. Usen agua fría y jabón suave, sin lejía ni cloro. No la retuerzan. Séquenla a la sombra, para que el sol no le quite el color. No crean que es pintura: es tinte, y es normal que al principio suelte un poco de azul. Conviene que la guarden doblada en un lugar seco. Nos alegra que hayan venido, y ojalá vuelvan."

Lejía àti cloro jọ wà níbẹ̀ nítorí pé Sípéènì ń pe jíìkì ní lejía, Mẹ́síkò ń pè é ní cloro. Ojalá (kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀) sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn gidigidi. Láti inú èdè Lárúbáwá tí wọ́n sọ ní Sípéènì láti 711 ló ti wá, ìfẹ́ Ọlọ́run ló sì wà ní ìdí rẹ̀. Òṣogbo kún fún mùsùlùmí tó ń sọ irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ojalá láìsí subjuntivo, bí "kí Ọlọ́run" wa kò ṣe lè fi "pé" rọ́pò "kí".

Ní ilé tí a ti tẹ̀ ẹ́, mo ní kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà má fi n lásán rọ́pò ñ inú teñida. Ẹni tó ti kọ ẹ̀ àti ọ̀ rí mọ ìdí, kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá ti ń béèrè ìwé kejì báyìí, èyí tí yóò sọ bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ aró. Ìyẹn ti mú mi wọ subjuntivo ti àtijọ́, ibi tí Yorùbá kò ti yí "kí" padà rárá. "Mo ní kí ó fọ̀ ọ́" kò yàtọ̀, ì báà jẹ́ àná, ì báà jẹ́ ìgbà ọmọdé wọn. Èdè Sípáníìṣì ń yí i: le digo que la lave, le dije que la lavara. Ẹ mú ti "ellos" (àwọn) nínú àtijọ́, lavaron, pusieron, dejaron, ẹ yọ -ron, ẹ fi -ra sí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí Màmá fún mi ní "kí" méjì nínú: "Ìyá mi máa ń sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ọwọ́ mi yára." Mi madre me decía que no dejara que la mano corriera. "Pé kí" àti "jẹ́ kí" jọ gba -ra, nítorí decía tó ṣáájú wọn ti wà ní àtijọ́.